Ẹ Wo Rọ́bà Ìdí Táńkì Kí Ẹ Tó Tú Pọ́ǹpù

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ láyé, mo sì gbádùn rẹ̀, torí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mò ń wà. Àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí ọkàn mi ò gbà. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ bá ń lọ́ra láti jí láàárọ̀, á jẹ́ pé pọ́ǹpù ńlá tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì ti jẹ, tàbí kó jẹ́ nọ́súlù, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Kò mẹ́nu kan àwọn rọ́bà kúkúrú tó wà nídìí táńkì, tí epo ń gbà kọjá, rárá. Ẹlòmíì máa ka ọ̀rọ̀ yẹn, á lọ tú pọ́ǹpù tí kò ṣe nǹkan kan, á sì ná owó tí kò yẹ kó ná. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé kálàmù.

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mercedes 240D ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 1976 títí di 1985. Nígbà tí ojú bàbá ò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Mi ò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì o. Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n bi ohun tí wọ́n rí léèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bá ọkọ̀ lò.

Bí ọkọ̀ yìí bá ti sùn mọ́jú, ó máa jí, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á wá gbọ̀n, á kú. Bí mo bá tún ṣí i, kíkísítátà á máa yí, á máa yí, títí ohùn bátìrì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbà. Tó bá ti gbà báyìí, kò sí wàhálà mọ́ títí dalẹ́. Mo tún kíyè sí i pé bí epo bá kún táńkì, ó máa ń sàn díẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á peléke sí i. Ilé iṣẹ́ tí mo gbé e lọ ní kí àwọn tú pọ́ǹpù ńlá. Mo bi wọ́n pé pọ́ǹpù tó ti jẹ ṣe wá ń dáa lọ́sàn-án, tó ń burú láàárọ̀? Kí ló sì pa pọ́ǹpù tó wà níwájú pọ̀ mọ́ bí epo ṣe pọ̀ tó nínú táńkì tó wà lẹ́yìn? Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì gbé ọkọ̀ mi kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí epo ṣe ń rìn nínú irú ọkọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, inú táńkì ni pọ́ǹpù kan wà tó ń ti epo síwájú. Bí rọ́bà bá lu lójú ọ̀nà, epo á dà sílẹ̀, gbogbo ayé á rí i. Ti dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù kékeré tó ń gbé epo wà, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń fa epo láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá. Fífà ló ń fà á, kò tì í. Ẹni tó bá ti fi sitíróò tó lu mu omi rí mọ ohun tí mò ń wí: omi kì í dà láti ojú ihò yẹn, afẹ́fẹ́ ló máa ń gba ibẹ̀ wọlé, èèyàn á wá máa fa òfo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rọ́bà ìdí táńkì tó ti sán ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ á gbẹ táútáú, ẹni tó ń wò ó á ní kò sí ibi tó ń jò.

Àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ pé ọkọ̀ ń fa éà, ìyẹn afẹ́fẹ́. Kò sóhun tí dísẹ́ẹ̀lì kórìíra tó o. Epo kò ṣeé fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí pọ́ǹpù ńlá bá tẹ̀ ẹ́, agbára ìtẹ̀ náà á dé ẹnu nọ́súlù lójú ẹsẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ju 100 bar lọ (bar ni òṣùwọ̀n agbára ìtẹ̀) nínú ọkọ̀ bíi tèmi kí nọ́súlù tó yanu. Afẹ́fẹ́ ní tiẹ̀ ṣeé fún pọ̀. Pọ́ǹpù á tẹ̀ ẹ́, á kó ara rẹ̀ jọ. Pọ́ǹpù á tú u sílẹ̀, á tún fẹ̀ padà. Nọ́súlù ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bá wá dúró mọ́jú, afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé láti ojú ibi tó sán á jẹ́ kí epo tó ti wà nínú páìpù gígùn abẹ́ ọkọ̀ máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí epo bá kún táńkì, ìwúwo rẹ̀ ń tì í síwájú, kì í jẹ́ kó rọrùn láti padà. Ìdí tí ọkọ̀ mi fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe nìyẹn, kò sì kan pọ́ǹpù ńlá rárá.

Kò sóhun ìjìnlẹ̀ nínú bí èèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Fílítà kékeré kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tí wọ́n fi ike ṣe, wà lójú ọ̀nà epo nínú ọkọ̀ tèmi, ṣáájú pọ́ǹpù kékeré. Mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin ṣí ọkọ̀, èmi dúró ti ẹ́ńjìnnì, mo fi tọ́ọ̀ṣì sí fílítà náà. Ìfóófòó ń ru gùdù wọlé níbẹ̀, wẹ́wẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀kan gbọ̀ngbọ̀nràn á dé, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n. Ọkọ̀ tí kò bá ní irú fílítà yẹn, wọ́n lè fi ègé họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara sí ojú ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ láti fi wò ó, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà. Ọ̀nà kejì tún dáa jù, torí kò fi àyè sílẹ̀ fún iyàn: ẹ bu epo tó mọ́ sínú kéègì, ẹ fi họ́ọ̀sì tuntun so ó mọ́ ẹnu pọ́ǹpù kékeré, kí ẹ́ńjìnnì máa mu láti inú kéègì náà, kí ẹ sì da họ́ọ̀sì tó ń gbé epo tó ṣẹ́kù padà sínú kéègì yẹn kan náà. Bí ọkọ̀ bá jí láàárọ̀ láìjanpata, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan tó ń ṣe é wà láàárín pọ́ǹpù kékeré àti táńkì. Bí kò bá yí padà, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó máa bá pọ́ǹpù àti nọ́súlù wíjọ́. Ti èmi jí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tó kù ni kí a wọ abẹ́ ọkọ̀. Nínú 240D, ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ni táńkì wà, abẹ́ rẹ̀ ni rọ́bà méjì ti jáde: èyí tó ń gbé epo lọ síwájú, àti èyí tó ń gbé èyí tó ṣẹ́kù padà wá. Nítorí pé ìsàlẹ̀ táńkì gan-an ni wọ́n wà, bí ọkọ̀ bá dúró, epo díẹ̀ lè máa sẹ́ jáde níbẹ̀, ó lè má pọ̀ débi tó máa kán sílẹ̀. Ohun tí mo rí kò ju eruku tó ti lẹ̀ mọ́ rọ́bà náà yíká, tó dúdú, tó sì tutù nígbà tí mo fi ìka kàn án. Mo gbóòórùn ìka mi. Dísẹ́ẹ̀lì ni.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni òwú tí wọ́n hun bo rọ́bà náà lára. Lára ọkọ̀ Jámánì àtijọ́, ìta ni òwú yìí máa ń wà. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ lè ti sán wẹ́wẹ́, kí òwú náà ṣì dúró digbí. Nígbà tí a yọ ti ọkọ̀ mi, mo fi abẹ là á ní òòró. Inú rẹ̀ ti le, ó ń dán, ó sì ti sán ní ìbú ní gbogbo ibi tó ti tẹ̀. Mo tẹ ègé kan láàárín ìka méjì, ó dún pọ́, ó dá. Ibi tí kílíìpù ti fún un mọ́ra, kílíìpù náà ti jẹ ẹ́ wọlé, ojú ihò ara kílíìpù sì hàn lára rọ́bà náà. Mo fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀, èérún dúdú kún aṣọ náà. Èérún yẹn ló ti ń rìn lọ sínú fílítà ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí. Èyí tó ń gbé epo padà burú ju èyí tó ń gbé e lọ, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí epo tó ti gba ìtòsí ẹ́ńjìnnì gbígbóná kọjá ló ń padà wá níbẹ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń pa rọ́bà wọ̀nyí. Epo tí a ń rà lónìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ṣe wọ́n ní lọ́kàn. Imí ọjọ́ pọ̀ nínú dísẹ́ẹ̀lì ayé ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin mú un wálẹ̀ sí 500 nínú mílíọ̀nù kan ní ọdún 1993, nígbà tó di 2006 wọ́n tún mú un wálẹ̀ sí 15. Ní Yúróòpù, 10 ni láti ọdún 2009. Ohun tó dáa ni fún èémí gbogbo wa, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ imí ọjọ́ náà tún máa ń dín àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní aromatics kù, àwọn èròjà yìí ló sì máa ń mú kí rọ́bà nitrile, irú rọ́bà kan tí wọ́n fi ń ṣe họ́ọ̀sì epo, wú díẹ̀, kó lè dí ojú ibi tó wà pa. Rọ́bà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wú nínú epo àtijọ́ á súnkì nígbà tó bá bọ́ sínú epo tuntun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí biodiesel, ìyẹn èyí tí wọ́n fi òróró ewéko tàbí ọ̀rá ẹran ṣe, bá tún wà nínú epo náà, òun máa ń rọ rọ́bà àtijọ́, á sọ ọ́ di jọ́bọ́jọ́bọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní rọ́bà tó wà lára ọkọ̀ òun ni èyí tí wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́, kó má fi yangàn. Kó pààrọ̀ rẹ̀.

Irú rọ́bà tí èèyàn máa fi pààrọ̀ rẹ̀ tún wá jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi họ́ọ̀sì rédíétọ̀ sí i. Rọ́bà omi ò mọ epo. Á wú, á rọ̀, á já. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara sí i, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn á gan láìpẹ́, á sán. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n kúkú fi páìpù bàbà sí i kó lè pẹ́, kò mọ̀ pé bàbà máa ń mú kí dísẹ́ẹ̀lì tètè bàjẹ́, kó máa di gọ́ọ̀mù. Èyí tó burú jù ni tàwọn tó máa ń fi túùbù táyà wé ojú ibi tó sán, tí wọ́n á wá fi wáyà dì í gírígírí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Rọ́bà tó sán níbì kan ti gbẹ látòkè délẹ̀.

Ẹ wo ara rọ́bà tuntun kí ẹ tó gbà á. Èyí tí wọ́n kọ SAE J30R9 sí lára, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń mọ irú rọ́bà epo, Viton (rọ́bà àtọwọ́dá kan) tàbí irú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe awọ inú rẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì àti biodiesel ò lè jẹ ẹ́ bọ̀rọ̀. DIN 73379 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ti Jámánì. Bí ọkọ̀ yín bá ní rọ́bà tó wà nínú táńkì fúnra rẹ̀, tó ń rì sínú epo, J30R10 ni kí ẹ béèrè, torí awọ òde R9 ò gba kó máa wẹ̀ nínú epo. Ẹnu inú ni kí ẹ fi wọn rọ́bà, ẹ má fi ìta wọ̀n ọ́. Rọ́bà tó fẹ̀ ju orí páìpù lọ, bó ti wù kí kílíìpù fún un tó, á máa fa éà ni. Kílíìpù náà gan-an, ẹ wá èyí tí inú rẹ̀ dán, tí etí rẹ̀ ká sókè, tó ní bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Irú èyí tó ní ihò gbọọrọ gbọọrọ lára máa ń gé rọ́bà jẹ, ẹ̀rí rẹ̀ wà lára tèmi.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ dúró di ìgbà tí epo bá ku díẹ̀ nínú táńkì. Jáàkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tì. Ẹ gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró tó lágbára, ẹ fi nǹkan dí táyà, kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, torí òkè orí yín ni epo á ti máa bọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ò tètè gbiná bíi pẹtiróòlù, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó bíi 52 tàbí 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí oru rẹ̀ tó lè gba iná, ṣùgbọ́n sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn àjò gbóná ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù. Ẹ fọ ìdí táńkì mọ́ tónítóní kí ẹ tó tú ohunkóhun, nítorí iyẹ̀pẹ̀ kékeré kan tó bá wọ inú páìpù lè di ìyọnu. Kí ẹ sì fi àmì sí èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kó tó di pé ẹ yọ wọ́n.

A ò fi tipátipá fa rọ́bà àtijọ́ yẹn. Ó ti lẹ̀ mọ́ orí páìpù, bí èèyàn bá sì ń lọ́ ọ, orí páìpù lè tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́, pàápàá nínú àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ pé ike ni wọ́n fi ṣe é. Ńṣe ni ọmọ mi fi ọ̀bẹ là á díẹ̀ láti ẹnu, ó sì bọ́ fúnra rẹ̀. A tún yọ asẹ́ tó wà nínú ìdí táńkì. Ẹ ò bá wo ohun tó wà lára rẹ̀! Nǹkan dúdú tó ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ ló bò ó. Kòkòrò àìfojúrí ló máa ń kó irú rẹ̀ jọ, àárín omi àti epo ni wọ́n ń gbé, ibi tí omi bá ti wà nísàlẹ̀ táńkì ni wọ́n ti ń gbèrú. A fọ asẹ́ náà, a fi òrùka rọ́bà tuntun sí ìdí rẹ̀, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá pààrọ̀ rọ́bà tó fi òrùka yẹn sílẹ̀ ṣì máa padà wá sábẹ́ ọkọ̀.

Rọ́bà méjèèjì la pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a tún pààrọ̀ àwọn tó wà níwájú, láàárín páìpù irin àti pọ́ǹpù kékeré, àti àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó so orí nọ́súlù pọ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn. A yẹ páìpù irin abẹ́ ọkọ̀ wò ní ibi tí irin kékeré ti dì í mú, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń fara pamọ́ sí. Ti wa ṣì dáa. Lẹ́yìn náà ni a wá lo pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì: a yí orí rẹ̀ sílẹ̀, a ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í le lọ́wọ́, tí fílítà fi kún, tí ìfóófòó fi tán níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ yìí ń jí láàárọ̀ bó ṣe máa ń jí nígbà tí bàbá mi ń wà á. A ò fọwọ́ kan pọ́ǹpù ńlá.

Kì í ṣe ti owó nìkan ló ń dùn mí. Dísẹ́ẹ̀lì tó bá kán sójú ọ̀nà kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ó máa ń yọ̀, ọlọ́kadà tó bá gba ibẹ̀ kọjá ní kọ́nà lè ṣubú, kó sì kú. Èyí tó bá sì wọnú ilẹ̀ máa ń ba omi jẹ́. Ọkọ̀ tó ń kú lójijì láàárín títì nítorí éà tún jẹ́ ewu fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé yín padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Kó sọ fún àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi kéègì dán ọkọ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí títú pọ́ǹpù, kó sì bá wa bẹ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì pé kí wọ́n máa kó rọ́bà tí wọ́n bá yọ fún ẹni tó ni ọkọ̀, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ti èmi tí mo là sí méjì ṣì wà nínú ọ̀rá nílé. Bó bá wúlò fún un láti ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, máa fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, òǹkàwé yín